Mula Bandha, Ashwini Mudra àti Ìdárayá Kegel: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Mú?

Ẹni tó bá ti ń ṣe yógà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní pẹ́ gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ pé kí òun “ti mula bandha”, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ ibi tí yóò fún gan-an, bí yóò ṣe fún un tó, àti ìgbà tí yóò tú u sílẹ̀. Bí onítọ̀hún bá lọ wádìí fúnra rẹ̀, yóò rí àwọn tó ń sọ pé ashwini mudra náà ni, àwọn mìíràn yóò sì ní kò yàtọ̀ sí ìdárayá Kegel tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ́ àwọn aboyún. Mo ti ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọdún mẹ́sàn-án báyìí, ọdún àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì ṣòfò pátápátá nítorí mo gbà pé ohun kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí kan náà ni wọ́n jọ ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń dì í mú yàtọ̀, ipa tí èémí ń kó nínú wọn yàtọ̀, ohun tí kálukú ń wá sì yàtọ̀ jù lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè mọ èyí tó bá a mu kó tó fi ara rẹ̀ dán an wò.

Iṣan tí gbogbo wọn ń bá ṣiṣẹ́

Egungun ìbàdí dà bí àwokòtò tí ìdí rẹ̀ ti lu, àwọn iṣan tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti egungun iwájú, lókè ojú ara, títí dé ṣóńṣó ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó dí ojú ihò náà. Orí wọn ni àpò ìtọ̀ jókòó sí, àti ilé ọmọ lára obìnrin, àti ìparí ìfun ńlá. Àárín wọn náà ni ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ọmọ ń gbà jáde, nítorí náà iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́rùn wọn: kí wọ́n dì mọ́ nígbà tó yẹ, kí wọ́n sì là nígbà tó yẹ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni àwọn oníṣègùn ń pè ní levator ani, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì sì ni ohun tó ń gbé ihò ìdí sókè.

Ohun méjì nípa àwọn iṣan yìí ni yóò ràn wá lọ́wọ́ nínú ìfiwéra tó ń bọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ń bá èémí rìn. Bí a bá mí sínú, iṣan tó pààlà àyà àti ikùn a sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ìbàdí yìí náà a sì bá a sọ̀ díẹ̀. Bí a bá mí síta, méjèèjì a jọ padà sókè. Èkejì ni pé okùn inú wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ẹ̀yà tó ń lọ́ra ṣiṣẹ́ tí kì í tètè rẹ̀, òun ni ó ń gbé ẹrù inú wa ró láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìyókù yára, àwọn ni ó ń dì mọ́ lójijì nígbà tí a bá wúkọ́, tí a bá sín tàbí tí a bá bú sẹ́rìn-ín. Ìdárayá tó bá gbájú mọ́ ẹ̀yà kan yóò fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀ láìṣe.

Ashwini mudra: èyí tó rọrùn jù láti rí mú

Láti ara ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Íńdíà fi ń pe ẹṣin ni orúkọ yìí ti wá. Ẹni tó bá ti wo ẹṣin nígbà tó bá yàgbẹ́ tán mọ̀ pé ihò ìdí rẹ̀ a máa fún, a sì máa là, léraléra, kó tó dákẹ́. Ohun tí ashwini mudra ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn náà nìyẹn: kí ó fún ihò ìdí wọnú fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó tú u sílẹ̀ fún ìwọ̀n kan náà, kí ó sì máa tún un ṣe. Ó wà nínú Gheranda Samhita, ìwé àtijọ́ kan nípa hatha yoga (yógà tó ń lo ara àti èémí), tó ka mudra 25, ìyẹn àwọn ìdárayá tí wọ́n fi ń darí agbára inú ara, ìwé náà sì sọ pé ó ń wo àrùn ihò ìdí, ó ń fún ara lókun, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú àìtọ́jọ́.

Kò sí ẹni tí ìdárayá yìí ṣòro fún láti rí ibi tó wà, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì jókòó láàárín àwọn àgbà rí kí ìsó wá gbé e, kí ó sì ní láti dá a dúró. Iṣan tí a fi dá a dúró lọ́jọ́ náà ni. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí kò tíì mọ ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, pàápàá fún àwọn ọkùnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ rárá pé àwọn ní iṣan kankan níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn nìkan ni ó ń bá wí ní pàtàkì, àwọn okùn tó yára ni ó sì ń lò jù. Ẹni tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ tó wá fi ashwini nìkan ṣe oògùn lè ṣe é fún oṣù mẹ́fà kí iwájú má tíì yí padà. Mo sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dùn lọ́wọ́lọ́wọ́, tàbí tó ní egbò ní ihò ìdí, kò gbọdọ̀ gba ohun tí ìwé àtijọ́ sọ nípa ìwòsàn ní ìlànà ìtọ́jú. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mula bandha: èyí tó jinlẹ̀ jù, tó sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù

Mula ni gbòǹgbò, bandha ni dídè tàbí títì. Svatmarama, olùkọ́ yógà ará Íńdíà kan, kọ nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún 15 nínú ìwé rẹ̀, Hathapradipika, ó kà á mọ́ mudra mẹ́wàá tó gbé kalẹ̀, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí: kí ènìyàn fi gìgísẹ̀ tẹ agbedeméjì ojú ara àti ihò ìdí, kí ó fún ihò ìdí, kí ó sì fa apana sókè. Apana ni wọ́n ń pe agbára tí ìrìn rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, èyí tó ń ti ìtọ̀, ìgbẹ́, nǹkan oṣù àti ọmọ jáde. Prana, agbára èémí, sì wà lókè, nínú àyà. Bí a bá yí apana padà sókè kí ó lọ pàdé prana, ooru a gbóná sí i nínú ara, kundalini, agbára tí wọ́n gbà pé ó ń sùn nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, a sì jí, a nà tàntàn bí ejò tí wọ́n fi igi lù. Ìwé náà tún sọ pé ẹni tó bá ń ṣe é láìdáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ darúgbó, yóò padà di ọ̀dọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún èdè yìí, mo sì ń lò ó nígbà tí mo bá jókòó, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ yàn gbà á ní ìlérí bí ẹni ra ọjà lọ́wọ́ alájàpá. Ohun tí èmi lè jẹ́rìí sí láti ara mi ni pé ọkàn mi kì í fọ́n ká tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí mo bá dì í mú pẹ̀lú èémí tó rọra, àti pé ẹ̀yìn mi lè dúró ṣánṣán fún wákàtí kan láìsí ìrora tó máa ń mú mi tẹ́lẹ̀.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé ihò ìdí náà ni Svatmarama ní kí a fún. Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí ìyàtọ̀ tí àwọn olùkọ́ òde òní ń fi sí àárín ashwini àti mula bandha kò hàn kedere nínú ìwé àtijọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yógà ti Bihar, ní ìlú Munger ní Íńdíà, èyí tí Swami Satyananda Saraswati dá sílẹ̀, wọ́n pín in sí mẹ́ta: ẹ̀yìn ni ti ashwini, àárín ni ti mula bandha, iwájú ni ti vajroli, ìdárayá mìíràn tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Fún ọkùnrin, àárín yìí ni agbedeméjì nǹkan ọmọkùnrin àti ihò ìdí. Fún obìnrin, ó wà nínú lọ́hùn-ún, nítòsí ẹnu ilé ọmọ. Ìpínyà yìí ni mo gbà pé ó wúlò jù fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ó fún un ní ibi kan pàtó tí yóò fi ọkàn sí.

Àwọn olùkọ́ kò tilẹ̀ fi ẹnu kò lórí bí ó ṣe yẹ kí ó pẹ́ tó. K. Pattabhi Jois, ní Mysore, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin gbogbo ìdárayá. B.K.S. Iyengar, ní Pune, kìlọ̀ pé ewu wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá dá a ṣe láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà, Krishnamacharya, ni àwọn méjèèjì ti jáde, síbẹ̀ ọ̀nà wọn yà. Bí ẹ bá bọ́ sí kíláàsì kan tí wọ́n ní kí ẹ fún un pinpin fún wákàtí kan ààbọ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ mọ̀ pé iṣan tí kò tíì mọ bí a ti ń sinmi ni wọ́n ń fi ipá mú ṣe iṣẹ́ àṣekú.

Bí èmi ṣe wá rí i nìyí. Fún oṣù mọ́kànlá, ìdí àti itan ni mo ń fún, mo sì ń pe é ní mula bandha. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé itan mi, ó ní kí n tì í. Itan náà le bí igi. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, eyín mi ti dì pọ̀. Kò bá mi wí. Ó ká aṣọ ìnura kan róbótó, ó tẹ́ ẹ sórí àga onígi, ó ní kí n jókòó gùn ún lọ́nà tí aṣọ kíká náà yóò fi wà ní àárín egungun méjì tí a fi ń jókòó. Ó ní kí n má fún ohunkóhun, kí n kàn máa mí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí n tó kíyè sí i pé bí mo bá mí sínú, ara mi a wúwo lé aṣọ náà díẹ̀, bí mo bá mí síta, a fúyẹ́ kúrò lórí rẹ̀, ìwọ̀nba tí a lè fi wé ìgbà tí ènìyàn ká ewé kan nílẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀lé fífúyẹ́ yẹn, kí n fi díẹ̀ kún un. Itan mi kò le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò dì. Ohun tí mo ti fi oṣù mọ́kànlá wá nìyẹn.

Ìdárayá Kegel: èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù

Arnold Kegel, dókítà àwọn obìnrin ní Los Angeles, ni ó gbé ìdárayá yìí jáde fún àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1948. Àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń jò lára wọn lẹ́yìn ìbímọ ni ó ń tọ́jú, tí kò sì fẹ́ kí gbogbo wọn lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó ń fún wọn. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tó pè ní perineometer, èyí tí wọ́n ń fi sí ojú ara, tí ọwọ́ aago rẹ̀ sì ń yí nígbà tí obìnrin bá fún iṣan rẹ̀, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá òun ń ṣe é bó ti yẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ náà dàgbé, gbólóhùn “ẹ fún un, ẹ tú u” nìkan ni ó ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ìyà rẹ̀ hàn: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí obìnrin 47, tí wọ́n gbé jáde ní 1991, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó ṣe é dáadáa lẹ́yìn àlàyé ẹnu ṣókí, ìdá mẹ́rin kan nínú wọn sì ń ṣe é lọ́nà tó lè mú kí ìtọ̀ tún jò sí i, nítorí pé dípò kí wọ́n fà á sókè, ṣe ni wọ́n ń tì í sísàlẹ̀ bí ẹni ń rọbí.

Ìwọ̀n tí ìdárayá Kegel ní kò sí nínú àwọn yòókù. Ìlànà tí ilé iṣẹ́ NICE gbé kalẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí obìnrin tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ nígbà tó bá wúkọ́ tàbí tó bá gbé ẹrù ṣe é lábẹ́ àbójútó fún ó kéré tán oṣù mẹ́ta, kí ó máa fún iṣan náà ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó kan àwọn ọkùnrin náà, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ pírósíteeti máa ń rí i gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Kegel kò sọ̀rọ̀ agbára tó ń gòkè, kò sì ṣèlérí ìfọkànbalẹ̀. Ara ni ó ń tún ṣe, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn.

Ọ̀rọ̀ nípa vajroli kò ní gùn. Iwájú ni ó ń bá wí, bí ẹni dá ìtọ̀ dúró, fífún un díẹ̀díẹ̀ lásán kò sì ní ìpalára fún ara tó yá. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn kan nínú àwọn ìwé àtijọ́ ń pè lórúkọ yìí ni fífa omi gba ihò ìtọ̀ wọnú ara, èyí tí àwọn kan ń fi ọ̀pá tín-ín-rín kọ́. Ẹ má ṣe dán an wò láé. Ẹ má sì fi dídá ìtọ̀ dúró láàárín ìtọ̀ ṣe ìdárayá ojoojúmọ́. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan láti fi mọ ibi tí iṣan wà, ó tán síbẹ̀, nítorí bí ó bá di àṣà, ìtọ̀ lè máa ṣẹ́kù sínú àpò rẹ̀.

Èémí àti agbára fífún

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, èémí ni mo máa mú. Nínú Kegel, èémí ń lọ bó ti ń lọ, òfin kan ṣoṣo ni pé kí ènìyàn má sé e. Bí ẹ bá lè ka òǹkà sókè ketekete nígbà tí ẹ ń fún un, ẹ kò sé e. Nínú ashwini, fífún náà yára débi pé èémí kò ní àyè púpọ̀ níbẹ̀. Nínú mula bandha, èémí ni ọ̀gá. Èémí síta ni ó kọ́kọ́ ń gbé iṣan náà sókè, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ti dàgbà nínú iṣẹ́ náà, wọ́n lè ní kí ó dá èémí dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kí ó sì fa ikùn wọnú, èyí tí wọ́n ń pè ní jalandhara àti uddiyana.

Bí agbára fífún ṣe tó náà yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe Kegel fẹ́ kí iṣan náà lágbára, nítorí náà yóò fún un tagbáratagbára, yóò dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún títí dé mẹ́wàá, yóò sì sinmi fún iye àkókò kan náà ó kéré tán, kí ó tó fi fífún kíákíá díẹ̀ parí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe mula bandha kò wá agbára mọ́. Bí ẹni mú ẹyin lọ́wọ́ ni yóò ṣe dì í mú, kí ó má bọ́, kí ó má sì fọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò bójú mu láti fi mula bandha bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tí kò lágbára kò lè mú ẹyin pẹ́, ọwọ́ tí kò sì mọ bí a ti ń tú ìka yóò fọ́ ọ.

Ta ni kí ó mú èwo

Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí ẹnikẹ́ni tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀, kí ó mú Kegel, kí ó sì lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì tó mọ iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ìbàdí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń fún un sókè lóòótọ́. Mo mọ̀ pé ojú ń ti ọ̀pọ̀ ìyá láti sọ pé ìró ń tutù lára àwọn nígbà tí àwọn bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà pé ẹrù ọmọ bíbí ni. Ó ní ìtọ́jú, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń fi í pa mọ́ra fún ogún ọdún. Aboyún tí ara rẹ̀ le lè ṣe Kegel pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà pátápátá sí dídá èémí dúró àti fífa ikùn wọnú. Kò yẹ kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, ìpá tàbí ọgbẹ́ inú dá èémí dúró rárá.

Ẹni tó ń ṣe yógà tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, tó fẹ́ dé ibi mula bandha, ìmọ̀ràn mi fún un ni pé kí ó kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe Kegel láìbínú, kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe ashwini kí ó lè mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí àárín, lẹ́yìn náà ni kí ó wá olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní mula bandha. Bí olùkọ́ náà bá fi dídá èémí dúró bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, kí ó wá ẹlòmíràn.

Àwọn kan sì wà tí kò yẹ kí wọ́n mú èyíkéyìí nínú wọn fún ìgbà kan ná. Àwọn ni iṣan ìsàlẹ̀ wọn ti le jù, tí kò mọ bí a ti ń dẹ̀: àwọn tí ìbálòpọ̀ ń dùn, tí ìtọ̀ kì í tètè jáde lára wọn bí wọ́n tilẹ̀ dúró tì í, tí ìgbẹ́ há, tàbí tí ìjókòó ń fún ní ìrora nísàlẹ̀. Bí a bá ní kí irú wọn máa fún iṣan náà sí i, ṣe ni a ń fi kún ìyà wọn. Èémí orí aṣọ ìnura tí mo sọ lókè ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láìfún ohunkóhun, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ̀ wọ́n wò; bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọrí sí lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún ẹnikẹ́ni tó bá ti bẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí tó wù kó mú, ẹ wo títú sílẹ̀ ju fífún lọ. Lẹ́yìn fífún kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé iṣan náà ti padà sọ̀ kalẹ̀ sórí aṣọ tí ẹ jókòó lé. Bí ó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹfà tí ẹ kò sì mọ ìyàtọ̀ mọ́ láàárín fífún àti sísinmi, iṣan ti rẹ̀ nìyẹn. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, ì báà jẹ́ mẹ́jọ ni ìwé ní kí ẹ ṣe, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti márùn-ún ní ọjọ́ kejì.